Orúkọ Méje Ológbò

Nígbà láéláé, nígbà tí ohun kan kò ní ju orúkọ kan lọ, ayé rọrùn. Òkè ń jẹ́ òkè, omi ń jẹ́ omi, ó parí síbẹ̀. Kò sí olùkọ́ tó máa ní kí ọmọ wá ọ̀rọ̀ mẹ́fà mìíràn tó túmọ̀ sí "big" nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yẹn, ṣé ẹ̀yin rí mẹ́fà kọ? Ó dáa, ẹ dákẹ́ kí ẹ gbọ́.

Láyé ìgbà yẹn, Ológbò ni Ológbò ń jẹ́. Bí wọ́n bá pè é, kí wọ́n tó pa ẹnu dé, ó ti dé. Ajá gan-an kì í yá tó o.

Agbo ilé Bàbá Ládìpúpọ̀ ló ń gbé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣọ́ àgbàdo irúgbìn tí wọ́n so sókè ààrò, èyí tí wọ́n máa gbìn bí òjò bá dé. Bí eku bá ti fẹ́ gun òpó, Ìyá Àgbà á ní, "Ológbò," ọ̀rọ̀ eku tán nìyẹn. Èrè iṣẹ́ rẹ̀ ni ẹja, àti àyè tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nídìí ààrò. Kò síbi tó dùn mọ́ Ológbò láyé tó ìdí ààrò yẹn.

Ó wá di ọjọ́ kan, àkọ́bí Bàbá Ládìpúpọ̀ gbé ìyàwó. Àwẹ̀ró lorúkọ ìyàwó.

Ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ará ilé ọkọ lórúkọ. Ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bí lánàá, tó bá ti ṣáájú ìyàwó délé, ìyàwó gbọ́dọ̀ wá orúkọ mìíràn fún un. Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí eyín rẹ̀ funfun, ó pè é ní Eyínfúnjowó. Ọmọbìnrin tó dúdú tó ń dán, ó pè é ní Adúmáadán. Inú gbogbo wọn ń dùn. Ológbò ń wò wọ́n láti ìdí ààrò, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Àwẹ̀ró gbé ẹja jáde. Ó ní, "Ológbò, wá jẹun."

Ológbò kò mira. Ó ní, "Èmi lò ń pè bẹ́ẹ̀? Ìgbà tí wọ́n ń da omi sí ẹ lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, orí òrùlé ni mo wà tí mò ń wò ẹ́. Ta ló ṣáájú délé nínú àwa méjèèjì?"

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí áṣáà fi dà nù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ó jàre ẹ, ìyàwó. Ó ṣáájú ẹ délé."

Kí ni Àwẹ̀ró fẹ́ ṣe? Ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Onírùngbọ̀n Ẹ̀yẹ. Ẹ wá jẹun."

Onírùngbọ̀n Ẹ̀yẹ! Ìrù Ológbò nà sókè ṣánṣán. Ó jẹ ẹja náà bí ìgbà tí ọba bá ń jẹun.

Ajá ń wò ó lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Kí lo fẹ́ fi orúkọ méjì ṣe? Ikùn méjì lo ní ni?"

"Ìlara ló ń yọ ẹ́ lẹ́nu."

"Èmi ò ṣèlara. Kí wọ́n ṣáà máa pè mí ní Ajá. Bí wọ́n bá ti pè mí, mo mọ̀ pé èmi ni."

Kò pẹ́, ọmọ kejì gbé Àtọ́kẹ́ níyàwó. Omi kò tíì gbẹ lẹ́sẹ̀ Àtọ́kẹ́ tí Ológbò ti dúró síwájú rẹ̀, tó ń fi irùngbọ̀n hàn án. Ìyàwó tó mọyì ara rẹ̀ kì í sì í yá orúkọ lò lọ́wọ́ ìyàálé. Àtọ́kẹ́ rò ó títí, ó pè é ní Ológìnní. Kò sẹ́ni tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀, àmọ́ ó dùn lẹ́nu. Mosúnmọ́lá tó tẹ̀ lé e, ọ̀nà jíjìn ló ti wá. Òun pè é ní Músù. Nígbà tí gbogbo ọmọ ilé fi gbéyàwó tán, àwọn ìyàwó méje ti fún Ológbò ní orúkọ méje, ẹja méje ló sì ń jẹ lóòjọ́. Ikùn rẹ̀ yọ bí akèrègbè.

Bí Ìyá Àgbà bá wá pè é ní Ológbò, á ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí tó gùn kún un."

Ó ku díẹ̀ kí òjò dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn ọkùnrin wà lóko, àwọn eku sì rọ́ gun òpó.

Àtọ́kẹ́ ló kọ́kọ́ rí wọn. "Ológìnní, ẹ dákun, eku ti dórí àgbàdo o."

Àwẹ̀ró pè láti ẹ̀yìnkùlé, "Onírùngbọ̀n Ẹ̀yẹ, ẹ máa bọ̀."

Mosúnmọ́lá náà ń pè lẹ́nu ọ̀nà, "Músù, Músù." Àwọn mẹ́rin tó kù náà ò dákẹ́.

Ológbò fò dìde, ó kọjú sí Àwẹ̀ró. Àtọ́kẹ́ rojú. Ó ní, "Mo ti rí i. Torí pé òun ni ìyàálé."

Ológbò rò ó wò. Ẹja ọ̀la ń kọ́? Ó yí sí Àtọ́kẹ́, Mosúnmọ́lá pòṣé. Ó yí sí Mosúnmọ́lá, Àwẹ̀ró yínmú. Ó ń yí bírípó bí òkòtó títí òòyì fi kọ́ ọ. Ó wá jókòó sáàárín agbo ilé, ó di ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá ọwọ́ rẹ̀ bíi pé òun kọ́ ni wọ́n ń pè.

Eku kan sọ lókè pé, "Ẹ rọra jẹ ẹ́. Wọn ò tíì fẹnu kò lórí ẹni tí wọ́n ń pè."

Nígbà tí Bàbá Ládìpúpọ̀ dé, ṣírí àgbàdo mẹ́ta péré ló kù. Ó ní, "Ta ló ń ṣọ́ ibí?"

Ìyàwó kọ̀ọ̀kan dárúkọ ẹni tó mọ̀. Bàbá kà á, ó pé méje. Ó ní, "Ẹni méje ń ṣọ́ ọ, eku ṣì jẹ ẹ́? Níbo làwọn méje ọ̀hún wà?"

Ìka méje nà sí ológbò kan. Ajá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń sín.

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹja tán lónìí. Ẹni tó lórúkọ méje, kó to eku méje síwájú mi kí wọ́n tó sọ ọbẹ̀ alẹ́ kalẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó fi ìdí ààrò mi sílẹ̀, kó gba igbó lọ."

Ológbò wo ìdí ààrò. Omi lé ròrò sí i lójú. Ó ba mọ́lẹ̀ lẹ́yìn odó, eku kan ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwẹ̀ró fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Ó ní, "Onírùngbọ̀n Ẹ̀yẹ, òun ló ń bọ̀ yẹn." Eku sá. Ó tún ba lẹ́yìn ìkòkò omi. "Ológìnní, ẹ wò ó lápá ọ̀tún yín." Eku sá. Ṣé àwọn eku náà kò ti mọ orúkọ méjèèje lórí?

Ìgbà yẹn ló tó yé Ológbò. Ó di etí. Àwẹ̀ró pè, kò wò ó. Ìyá Àgbà pè, kò wẹ̀yìn. Ajá bú u, kò fèsì. Nígbà tó dákẹ́, àwọn ìyàwó náà dákẹ́, ilé pa lọ́lọ́. Ọbẹ̀ ń hó lọ́wọ́ nígbà tó tẹ́ eku keje sílẹ̀ níwájú Bàbá.

Bàbá ní, "Ó dáa. Padà sídìí ààrò. Àmọ́ ohun tó o bá pa ni wàá máa jẹ. Orúkọ wo lo fẹ́ mú níbẹ̀, ká da ìyókù nù?"

Ológbò ti ká jọ sídìí ààrò, kò dáhùn. Wọ́n pè é ní méjèèje, kò dáhùn. Bí wọ́n ṣe fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà ni ológbò ti ń jẹ́ ológìnní, tó ń jẹ́ músù, tó ń jẹ́ oríṣiríṣi, tí kì í sì í jẹ́ ìpè. Ẹ délé kí ẹ pè é wò. Etí rẹ̀ kan á mì díẹ̀, á tún padà sùn. Ó gbọ́ yín o. Ó kàn ń rò ó ni, ta ni ìyàálé nínú yín.