Àga Tí Onímọ́tò Kò Jókòó Sí Rí

Ọkùnrin kan wà tó fẹ́ràn mọ́tò rẹ̀ gidigidi. Mọ́tò àtijọ́ ni, pupa, kékeré, ó súnmọ́ ilẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ olówó fi ń sáré láyé ìgbà kan. Àga méjì péré ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan fún awakọ̀, ọ̀kan fún ẹnì kejì rẹ̀. Bó bá gbé e jáde ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn àgbàlagbà á dúró létí títì, wọn á máa juwọ́ sí i.

Ní àràárọ̀ Sátidé, á fọ̀ ọ́, á nu bọ́ńpà rẹ̀ títí á fi máa rí eyín ara rẹ̀ níbẹ̀. A ò lè bá a wí. Ohun tó wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni.

Ẹnì kan ṣoṣo ni inú rẹ̀ kì í dùn sí mọ́tò yìí, ìyàwó rẹ̀ sì ni. Aṣọ tí wọ́n fi bo abẹ́ òrùlé mọ́tò náà ti gbó. Níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí nínú ọgbà, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni oòrùn ọ̀sán máa ń pa, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún náà sì ni ìyàwó máa ń jókòó sí. Gọ́ọ̀mù ti yọ́ níbẹ̀, fóòmù ẹ̀yìn aṣọ ti di ìyẹ̀fun, aṣọ wá rọ̀ jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ sílẹ̀ bí ọmú ewúrẹ́. Lọ́dọ̀ ọkọ, aṣọ ṣì lẹ̀ mọ́ òkè dáadáa. Kò yọ ọ́ lẹ́nu rárá.

"Bàbá Ìbídùn," ìyàwó á wí, "òrùlé yìí tún ti bà lé mi lórí o."

"Gèlè rẹ ló ga jù," ọkọ á dáhùn. "Rọra jókòó."

Ó rọra jókòó. Ọdún ń gorí ọdún, obìnrin ń rọra jókòó. Á tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, á fi ọwọ́ gbé aṣọ dúró. Bí wọ́n bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, á máa gbọn ìyẹ̀fun kúrò léjìká, ọkọ á sì ti máa kí àwọn tó wá wo mọ́tò.

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ mìíràn á gun ọ̀kadà. Ẹ gbà mí! Ọkùnrin ń wa mọ́tò alága méjì kiri ìlú, àga kan sì ṣófo. Ó dùn ún gan-an. Ó ní ìyàwó òun ti ń gbéra ga, ó fẹ́ dójú ti òun láàárín ẹgbẹ́.

Ìbídùn ọmọ wọn wá bímọ ní Ìlọrin, ìyá sì lọ bá a wẹ ọmọ. Ọmọ jókòó, ọmọ ń rákòrò, ìyá àgbà kò dé. Bí ọkọ bá pè é lórí fóònù, á ní, "Ẹ ṣì ní sùúrù, Bàbá Ìbídùn. Ọkàn mi balẹ̀ níbí." Gbólóhùn yẹn gan-an ló ba ọkùnrin náà lẹ́rù. Ilé dá páropáro mọ́ ọn lórí. Ó rí i pé obìnrin náà lè má padà wá mọ́.

Ó pinnu pé òun á lọ mú un wálé. Kí ló kọ́kọ́ ṣe? Ó fọ mọ́tò. Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ gbéra, ó tàsé àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wú. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ní òun á bá a wa mọ́tò. Báyìí ni onímọ́tò ṣe jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mọ́tò ara rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Wọn ò tíì dé Mámu tí aṣọ fi dé e lórí. Ó tì í sókè, ó tún padà wálẹ̀. Fìlà rẹ̀ bò ó lójú, ó ṣí i. Ìyẹ̀fun fóòmù kó sí i lójú, ó wọ ọrùn ẹ̀wù rẹ̀, ó ń yún un. Òun náà tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó gbé ọwọ́ sókè. Ohun tó ṣe àkàlàmàgbò tó fi dẹ́kun ẹ̀rín rínrín ti dé bá igúnnugún.

"Haà! Irú kí lèyí?"

Àbúrò rẹ̀ kò tilẹ̀ wò ó, títì ló ń wò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó jọ pé fìlà yín ló ga jù. Ẹ rọra jókòó."

Ọmọ ọlọ́mọ kò ní nǹkan kan lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n gbọ́. Ó gbójú sókè, ó sì rí ohun tí èèyàn kò lè rí láti orí àga awakọ̀. Píìnì ni, irú èyí tí obìnrin fi ń mú gèlè dúró, lọ́tùn-ún lósì lára aṣọ náà. Wọ́n ti dípẹtà. Ìyàwó rẹ̀ ti ń fi píìnì gèlè rẹ̀ gán òrùlé náà mọ́ òkè, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

Omi bọ́ lójú ọkùnrin náà, kì í ṣe nítorí fóòmù. "Yí padà," ló wí.

"Ṣé ẹ gbàgbé nǹkan ni?"

"Mo gbàgbé nǹkan. Ó sì ti pẹ́."

Wọ́n gbé mọ́tò lọ bá bàbá tó ń rán àga mọ́tò. Ọkùnrin náà bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun lẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún nìkan. Bàbá ní ọ̀kan ṣoṣo ni aṣọ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, etí rẹ̀ sì wà lábẹ́ rọ́bà gíláàsì iwájú, ó di dandan kí gíláàsì jáde. Ọkùnrin náà mọ̀ pé irú gíláàsì yẹn kò sí lọ́jà mọ́. Bó bá sán, ọgbà ni mọ́tò á wà tí adìẹ á máa yé sínú rẹ̀. Ó wo àwọn píìnì tó ti yọ kúrò lára aṣọ, tó kó sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ẹ yọ ọ́," ló wí.

Wọ́n yọ ọ́. Wọ́n fa aṣọ àtijọ́ ya kúrò, wọ́n ha gọ́ọ̀mù gbígbẹ títí irin fi hàn, wọ́n sì na aṣọ tuntun láti àárín lọ sí etí, wọ́n ń fọwọ́ ra á díẹ̀díẹ̀ kó má baà wú. Gíláàsì padà sáyè rẹ̀ láìsán. Kí ọkùnrin náà tó gbé mọ́tò kúrò níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló kọ́kọ́ lọ jókòó sí, tòun ti fìlà.

Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ san, ó dá wà á dé Ìlọrin. Ìbídùn bẹ ìyá rẹ̀ títí tó fi jáde. Bí obìnrin náà ṣe ń wọlé sínú mọ́tò, ó ti tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́, ó ti gbé ọwọ́ sókè kó tó jókòó. Ọwọ́ náà kò bá nǹkan kan. Ó dúró sófìfo bẹ́ẹ̀.

Ọkọ kò fọ́nnu. Ó kó àwọn píìnì náà lé e lọ́wọ́. "Ìyá Ìbídùn, mo jókòó síbẹ̀. Ó dùn mí. Jọ̀ọ́, má bínú."

Ìyàwó wo àwọn píìnì náà. Ó di píìnì mọ́ etí ìró rẹ̀. Wọ́n kọjá Ògbómọ̀ṣọ́, orí rẹ̀ ṣì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ọkọ rí i, ó rọra ń wa mọ́tò lọ. Ìgbà tí wọ́n kọjá Ọ̀yọ́ ló tó sùn, ọrùn rẹ̀ sì nà.

Ìwọ arákùnrin yìí, o wá bá mi láàárọ̀ yìí, o ní ìyàwó rẹ kì í bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́, o ní kí n pè é kí n bá a wí. Mi ò ní pè é. Lọ sílé, kí o lọ jókòó síbi tó ń jókòó sí, kí o gbójú sókè. Bí o bá rí píìnì níbẹ̀, mọ̀ pé ìyàwó rẹ ti ń tún nǹkan ṣe kí o tó mọ̀ pé nǹkan bàjẹ́. Bí wọ́n bá sì ní kí o yọ gíláàsì, yọ ọ́. Má retí kí ọrùn rẹ̀ nà lọ́jọ́ kan náà o.

Dìde, máa lọ. Ìwọ ṣì lè bá a nílé. Kò tíì lọ sí Ìlọrin.