Ẹtu àti Ẹfọ̀n Létí Odò

"Ẹ̀yin ọmọ, ààlọ́ mi rèé o!"
"Ààlọ̀, à ń gbọ́!"

Ó dá lórí Ẹtu kékeré. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ẹranko tó bá gbé àgbọn kọjá Ẹfọ̀n ni ará ilé rẹ̀ máa kọ́kọ́ mu omi odò. Lọ́dọọdún, ẹrẹ̀ ló ń kù fún àwọn ẹtu.

Ẹtu gbé àgbọn, ó sáré. Ẹfọ̀n forí kàn án, ó ṣubú. Ó dìde, Ẹfọ̀n tún dà á wó. Ìyá rẹ̀ ké pé, "Ọmọ mi, jẹ́ ká lọ ilé!"

Ẹtu nu ẹ̀jẹ̀ imú, ó kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

"Mo ṣubú, mo tún dé o!"
"Yàgò fún un!"
"Ẹfọ̀n oníwo ńlá o!"
"Yàgò fún un!"

Ẹfọ̀n tún rọ́ lù ú. Ẹtu gba abẹ́ ikùn rẹ̀ kọjá tòun ti àgbọn, ó dé odò.

Ẹfọ̀n ní, "O kàn ṣèèṣì ni."

Ẹtu ní, "Jẹ́ kí ìyá mi mumi tán. Kí o dúró síbẹ̀, mo tún ń bọ̀."

Ibi tí mo bá wọn dé nìyẹn.