Ògiri Olóyè Láńlẹ́gẹ̀
Kí ẹsẹ̀ tó gbé mi káàkiri ayé rọ bí mo bá parọ́, ojú mi ló ṣe. Olóyè Láńlẹ́gẹ̀ ní kí Ìyá Dúrósinmi, opó tí wọ́n jọ pín ògiri, wó yàrá rẹ̀ kúrò, torí òun ló ni ògiri náà láti òkè dé ìdí. Opó kúnlẹ̀ níwájú àdúgbò: “Bàbá, ẹ tún un wí.” Olóyè ní, “Tèmi ni, dé ìdí!” Ni opó bá yíjú sí ẹbí ọkọ rẹ̀ tó wà níbẹ̀: “Ìdí ògiri yẹn la sin ìyá yín sí, a ò sì tíì ṣe òkú rẹ̀. Ẹni tó ni ilẹ̀ òkú ni yóò pa màlúù. Ẹ kí olóyè!” Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ olóyè, ọ̀kan tiẹ̀ ní itan lòun máa jẹ. Olóyè ní, “Èmi ò ní ògiri kankan.” Bó ṣe wí nìyẹn: “Èmi ò ní ògiri kankan.”