Ọjọ́ Tí Dúródemí Kọ Ìpè Ìwo Nínú Igbó Àìdábọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó níbẹ̀ yẹn, ta ló ti pe ajá rẹ̀ rí nínú yín, tí ajá náà gbọ́, tó dúró, tó wá ń wo olówó rẹ̀ lójú bí ẹni ń wo gbọ́mọgbọ́mọ?

Ẹ má tíì dáhùn. Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ kú ìfarabalẹ̀. Ẹni tó bá gbé ẹ̀wà kaná kó yára lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ké kó fún un lọ́mú, nítorí ìtàn Ọdẹ́yalé kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń dìde kúrò nídìí rẹ̀ láàbọ̀.

Ará Ìdó-Àpáta ni Ọdẹ́yalé. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, ojú rẹ̀ kan ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n bó bá dìde láàárín àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀, kì í dúró kí ẹnikẹ́ni ki òun, òun fúnra rẹ̀ ni í ki ara rẹ̀. Á ní, "Èmi Ọdẹ́yalé ọmọ Ọdẹ́gbayì! Ọmọ a-rìn-nínú-igbó-kéwé-má-mì! Ọmọ a-sùn-lórí-igi-kí-ẹkùn-máa-hanrun-nísàlẹ̀! Ọmọ ẹni tó pa ẹfọ̀n lọ́sàn-án gangan tó fi awọ rẹ̀ tẹ́ ibùsùn fún ìyàwó!" Àwọn ọdẹ á máa rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín, á sì jókòó.

Ẹfọ̀n yẹn ló bí ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ gbọ́ yìí. Nílé wọn, bí baba bá kú, ìwo ẹfọ̀n tó pa gbẹ̀yìn ni wọ́n ń kọ́kọ́ pín fún àwọn ọmọkùnrin rẹ̀, kó tó kan oko, kó tó kan aṣọ. Ọdẹ́yalé gba ìwo ọ̀tún, àbúrò rẹ̀ tó ń jẹ́ Ọdẹ́lékè gba ti òsì. Ohùn méjèèjì kò yàtọ̀. Gbogbo ajá tí wọ́n bá sì ń tọ́ nínú agbo ilé náà, ohùn ìwo yẹn ni wọ́n fi ń kọ́ ọ pé kó wá. Wọn kì í fi orúkọ pe ajá nínú igbó, torí pé àwọn iwin máa ń gbọ́ orúkọ, wọ́n á fi pe ajá lọ, ó sì parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí iwin tó lè fun ìwo. Ètè wọn kò gbà á.

Ọmọ ajá kan wà tí ìyá rẹ̀ kú sínú pàkúté, pupa ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin funfun bí ẹni tó tẹ ẹfun. Ọdẹ́yalé sọ ọ́ ní Dúródemí. Bó ṣe kọ́ ọ nìyí, ẹ gbọ́ ọ dáadáa, torí ẹni tó ní ajá nínú yín á lò ó.

Inú yàrá ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Á fun ìwo díẹ̀, jẹ́jẹ́. Bí ajá bá ti yíjú sí i báyìí, ẹran gbígbẹ dà sílẹ̀. Kò sọ̀rọ̀, kò pariwo. Nígbà tí ajá ti mọ̀ pé ohùn yẹn, ẹran ni, ó mú un bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó so okùn gígùn mọ́ ọn lọ́rùn, ó jẹ́ kó máa wọ́ ọ nílẹ̀ kiri. Ó mú un lọ sáàárín ewúrẹ́, ó mú un lọ sí ibi tí àwọn adìẹ ti ń tan ilẹ̀. Bó bá fun ìwo tí ajá kò dá a lóhùn, kì í lé e. Ẹ gbọ́ o, kì í lé e! Ẹ̀yìn ló máa kọ sí i, á sì sá lọ, àgbà kàǹkà bẹ́ẹ̀, ẹ̀wù ọdẹ á máa fẹ́ lẹ́lẹ́, ọmọ ajá á sì gbá tọ̀ ọ́ bí ẹni pé eré ni. Bó bá dé, á jẹ ẹran, á tún tú u sílẹ̀ kó lọ ṣeré rẹ̀, kí ajá má baà rò pé bí òun bá ti jẹ́ ìpè, ayé ti parí.

Ìkìlọ̀ kan ló ṣe fún gbogbo agbo ilé. Ó ní, "Ẹni tó bá wù kó jẹ́, ẹ má fi ìwo pe ajá yìí kí ẹ tún wá lù ú. Bó jẹ ẹyin láàárọ̀ tí ẹ pè é lọ́sàn-án tí ẹ nà án, kò mọ̀ pé nítorí ẹyin ni. Wíwá tó wá ló máa rò pé ẹ nà án fún." Gbogbo wọn ní àwọn ti gbọ́.

Lọ́jọ́ tó tú okùn náà kúrò pátápátá, àyà rẹ̀ ń já. Ajá fò fẹ̀rẹ̀, ó gbá tẹ̀ lé òkété wọ inú ẹgàn, a kò rí ìrù, a kò rí etí. Ọdẹ́yalé fun ìwo. Igbó dákẹ́. Ó kù díẹ̀ kó gbé igbe tà, ni ó rí ẹsẹ̀ funfun tó ń bọ̀ láàárín koríko, etí ń fò lókè, ahọ́n ń fì síta. Omijé bọ́ lójú àgbà. Ó ní eruku ni.

Ó dára bẹ́ẹ̀ títí di ìgbà kan tí ó ṣàkíyèsí pé bí òun bá fun ìwo, ajá á kọ́kọ́ dúró, á wo ẹni tó ń fun ún, kó tó wá. Ó rò pé aràn inú ni. Ó fún un ní omi ewúro mu.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni Ọdẹ́lékè yìnbọn fún ìgalà kan, tí ìgalà náà gbé ọgbẹ́ sá wọ Igbó Àìdábọ̀, tí òun náà sì tẹ̀ lé e. Kò padà wá. Mọ́ńjọ́lá ìyàwó rẹ̀ wá kúnlẹ̀ níwájú Ọdẹ́yalé, oyún ńlá níkùn.

"Bàbá, ẹ bá mi mú ọkọ mi wálé. Ọmọ tó ń tàpá níkùn mi yìí, ta ni n ó gbé e fún?"

"Dìde. Bí Lékè bá wà láàyè, n ó mú un wá."

"Ajá ọ̀hún ńkọ́? Ṣé ó ti gbọ́n tó?"

"Ó gbọ́n ju èmi tí mo kọ́ ọ lọ."

Ẹ ò rí i, igbó yẹn, bí ènìyàn bá ti ń rìn ni ọ̀nà ń pa dé lẹ́yìn rẹ̀. Igi á sún mọ́ igi, ẹ̀gún á di ògiri. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kì í pa dé lẹ́yìn ajá. Ẹni tó bá di okùn ajá mú, ó lè jáde. Ẹni tí kò bá ní ajá, ibẹ̀ ló kù sí.

Wọ́n wọlé. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀dọ̀. Wọ́n kọjá lára Agbórí-Sápò tó ń bá orí tó gbé sínú àpò sọ̀rọ̀, tí orí náà ń dá a lóhùn, tí wọ́n ń jà. Wọ́n kọjá lára àwọn Arọ-Afọwọ́rìn tí irun àtẹ́lẹwọ́ wọn gùn tó ìgbálẹ̀, lára Ìyá-Eléyín-Irin tó jókòó ti òkìtì egungun, tó ń já wọn jẹ bí obì, lára Òùngbẹ-Ń-Gbẹ-Mí tó fi ẹnu bo orísun omi tí kò sì yó, lára àwọn ọmọ iwin aláìníwájú, tó jẹ́ pé ibi yòówù kéèyàn dúró sí, ẹ̀yìn wọn ni yóò máa rí. Dúródemí ń fi imú wọ́lẹ̀, okùn le danindanin, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, òórùn Ọdẹ́lékè ló ń tọ̀.

Bí wọ́n ṣe dé pápá kan láàárín igbó, olórí gbogbo wọn dìde. Ewu-Ò-Sùn lorúkọ rẹ̀, ojú bò ó láti àtàrí dé gìgísẹ̀, kò sì sí èyí tó ń ṣẹ́jú níbẹ̀.

Ó ní, "Ọdẹ́yalé onírùngbọ̀n òbúkọ! Ojú kan ló fi ń ríran, ó sì wá ṣe àlejò olójú rẹpẹtẹ!"

Ọdẹ́yalé dá a lóhùn, "Ìwọ olójú bí asẹ́ ògì! Gbogbo ojú yẹn, o ò fi ọ̀kankan rí omi wẹ̀! Ibo ni àbúrò mi wà?"

Iwin náà nawọ́. Láàárín pápá ni Ọdẹ́lékè wà, ó dúró ṣánṣán, ìwo òsì ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sí mọ́. Gbòǹgbò ló wà níbẹ̀. Èèpo igi ti gùn ún dé orúnkún.

Ewu-Ò-Sùn ní, "Má tẹ pápá mi o, bí o bá tẹ̀ ẹ́, ìwọ náà á hù. Ṣùgbọ́n ajá kì í hù. Tú u sílẹ̀. Kí àbúrò rẹ pè é. Bí ajá bá lọ bá a, tí àbúrò rẹ sì di okùn rẹ̀ mú, gbòǹgbò á tú, ẹ máa lọ. Bí ajá bá kọ̀, tèmi ni àbúrò rẹ kí oòrùn tó kúrò lórí òkúta yìí."

Ọdẹ́yalé fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìpè? Ajá tó ti fi òkété sílẹ̀ nítorí ìpè? Ó tú u sílẹ̀, okùn ń wọ́ nílẹ̀. Ajá gbọ́ òórùn ẹni ilé, ó bẹ̀rẹ̀ sí lọ, ìrù nílẹ̀, ìrù lókè. Ó kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọdẹ́lékè fun ìwo.

Ajá dúró gbagidi. Ó wo ẹni tó fun ìwo. Ó ká ìrù sábẹ́ ikùn, ó dọ̀bálẹ̀ mọ́ ilẹ̀, ó ń gbọ̀n.

"Tún un fun, Lékè!"

Ó tún un fun. Ajá fi ẹ̀yìn rìn. Èèpo igi gùn dé itan.

Ọdẹ́yalé fun ìwo tirẹ̀, ajá sì fàyà wọ́ tọ̀ ọ́ wá. Ó fún un lẹ́ran, ó fi ọwọ́ pa á lórí, ó tún rán an lọ. Ó tún dé ìdajì ọ̀nà. Ọdẹ́lékè fun ìwo pẹ̀lú ẹ̀rù, ohùn ìwo ń gbọ̀n, ajá sì sá yípo pápá náà, kò jẹ́ sún mọ́ ọn. Èèpo igi dé ìbàdí. Ó dé àyà.

"Ẹ má fun ún mọ́!" ni Ọdẹ́lékè kígbe, àbí ara rẹ̀ ló ń bá wí, a kò mọ̀. Ó na ọwọ́ sí ajá, ó ń pè é wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni ń pe ọmọ ìkókó. Ọwọ́ náà di ẹ̀ka bó ti nà án síta. Ìwo já bọ́, ó yí gbirigbiri wá sí ẹsẹ̀ Ọdẹ́yalé.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni ó wí, èèpo ti dé ọrùn, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lu ajá náà."

Ẹnu rẹ̀ pa dé. Ewé yọ.

Ewu-Ò-Sùn bú sẹ́rìn-ín, gbogbo ojú rẹ̀ ń da omi. "Ṣé o rò pé àwa la bà á jẹ́? Ìwo yín ló ń sá fún! Ẹnìkan ti fi ìwo pe ajá yìí lọ jìyà. A gbọ́ igbe rẹ̀ láti ibí. Lọ béèrè nílé rẹ!"

Ọdẹ́yalé yìnbọn sí i, ojú fọ́ lára rẹ̀ bí ẹyin, ó sì ká kò bí ewé gbígbẹ, ṣùgbọ́n igi tó dúró láàárín pápá kò padà di ènìyàn. Ó di okùn ajá mú. Ajá mú un jáde.

Ní Ìdó-Àpáta, àwọn ọdẹ yìnbọn sókè fún ẹni tó wọ Àìdábọ̀ tó sì bọ̀. Ìbọn ṣì ń dún nígbà tí Mọ́ńjọ́lá rí i pé ìwo méjì ló wà lọ́wọ́ ẹnìkan. Ọdẹ́yalé sọ fún un bí ajá ṣe kọ ìpè Lékè. Ó wọlé, ó gbé ọmọ odó jáde, ó kọrí sí ajá.

Ọdẹ́yalé dúró sáàárín wọn. "Ó bẹ̀ mí kí n má lù ú."

"Ajá tó kọ̀ ọ́ ló ń bẹ̀bẹ̀ fún? Ẹ kúrò níbẹ̀, Bàbá! Ẹ tàn mí jẹ! Ẹ ní ó gbọ́n jù yín lọ!"

"Ìwo ló bẹ̀rù. Ẹnìkan fi ìwo pè é, ó wá, ẹni náà sì nà án." Ó yíjú sí gbogbo agbo ilé, ojú tó ń ṣe bàìbàì àti èyí tó dá ṣáká, méjèèjì pọ́n. "Mo kìlọ̀ fún yín. Ẹ ní ẹ ti gbọ́. Ta ni? Ẹni yòówù kó jẹ́, òun ló pa Lékè, kò sì ní sùn nílé yìí lónìí. Mo fi ìwo baba wa búra."

Àwọn ọkùnrin ń wo ilẹ̀. Obìnrin kan ń wo obìnrin kejì.

Ọmọ odó bọ́ lọ́wọ́ Mọ́ńjọ́lá. Ó jókòó sílẹ̀ nínú erùpẹ̀ bó ti wà, ó gbá ikùn rẹ̀ mú.

"Ẹ má lé ẹnikẹ́ni, Bàbá," ni ó wí. "Ajá jẹ ẹran tí a yan gbẹ sílẹ̀ fún ìkómọ. Ẹ̀yìn ilé ló ti fun ìwo pè é. Ajá ń ju ìrù bọ̀. Ó fi pàṣán pamọ́ sẹ́yìn. Mo ní ẹ ti kìlọ̀, ó ní ajá lásán ni."

"Ta ni, Mọ́ńjọ́lá?"

"Ọdẹ́lékè ni."