Orù Tàbítà àti Ògiri Ṣọ́ọ̀ṣì Òkè-Ìrókò

"Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí." Ta ni kò mọ̀ ọ́n pa nínú wa? Ọmọdé ń pa á, àgbà ń pa á, olóṣèlú ń fi í tọrọ ìbò. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí òwe náà ti ṣẹ̀, ẹ ó rí i pé ẹnu wọn á wọhò. Àwọn ará Òkè-Ìrókò nílùú Ìbàdàn ní àwọn mọ̀ ọ́n, ògiri ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sì máa ń tọ́ka sí. Ẹ fara balẹ̀, kí ẹ gbọ́ tẹnu wọn.

Nígbà tí ìjọ Áńgílíkà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Òkè-Ìrókò, abẹ́ igi ni wọ́n ti ń jọ́sìn. Baálẹ̀ fún wọn nílẹ̀, wọ́n mọ ilé amọ̀ sí i. Kí wọ́n tó bò ó, òjò dé, ilé wó lulẹ̀ gbìì. Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́. Ó ní, "Ó dáa, mo fún yín ní ẹ̀ẹ̀rùn kan sí i. Bí ó bá tún wó, àgbàdo ni n ó gbìn síbẹ̀ o!"

Ọ̀rọ̀ yìí ká àwọn obìnrin ìjọ lára. Wọ́n pín ara wọn sí ọ̀nà méjì láti máa pọnmi, kí wọ́n sì máa ru amọ̀: Tàbítà kó ìdajì, wọ́n mú ògiri apá ọ̀tún, Fẹ́bè kó ìyókù, wọ́n mú tòsì. Ọ̀rẹ́ ni àwọn méjèèjì, ọjọ́ kan náà ni wọ́n ṣe ìrìbọmi. Alágbára obìnrin ni Tàbítà, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Àfi lọ́jọ́ kan tí Fẹ́bè dúró láàárín èrò, ó wo ògiri ọ̀rẹ́ rẹ̀ sókè sódò, ó ní, "Háà! Ògiri yìí mà wọ́ bí ẹsẹ̀ ọ̀mùtí o!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Tàbítà, inú sì bí i gidigidi. Ó búra níṣojú ìjọ: "Bí mo bá tún bẹ Fẹ́bè ní ohunkóhun láyé, ẹ má pè mí ní Tàbítà mọ́!"

Wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi ku ìpele kan ṣoṣo kí ògiri parí. Lọ́jọ́ náà, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Bàbá Elíṣà, ọ̀mọlé wọn, fọwọ́ tẹ amọ̀ wò, ó sì ké sí àwọn obìnrin: "Amọ̀ ti ń gan o! Imọ̀ ọ̀pẹ tí a ó fi bo ògiri wà nílẹ̀, omi tí a ó fi po amọ̀ ìpele ìkẹyìn ló kù. Omi odò ni mò ń wí o, torí ti òjò ló fẹ́ wó ilé wa!"

Ni kálukú bá sáré lọ sódò. Ìgbéraga kò jẹ́ kí Tàbítà gbé orù kékeré. Èyí tó tóbi jù lágbo ilé ló gbé. Kí ó tó pọn ọ́n kún, àwọn yòókù ti lọ. Ó gbé e dé orúnkún, kò burú. Ó gbé e dé àyà, omi dà sí i lára, òṣùká já bọ́. Ó tún un gbé, omi tún dà. Ó ro àgbàdo Baálẹ̀ níbi tó yẹ kí pẹpẹ wà, àyà rẹ̀ já.

Ibi tó dúró sí nìyẹn tí Fẹ́bè fi yọ. Òun ti yà sílé lọ wá orù tí yóò ju ti Tàbítà lọ ni. Ó pọnmi tirẹ̀ kún, ó gbìyànjú, kò lè gbé e. Ẹ sì mọ̀ pé nílẹ̀ wa, ẹni tó bá ní "Bá mi gbé e rù," ọ̀tá rẹ̀ pàápàá kò gbọdọ̀ kọ̀ ọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ la ẹnu sọ ọ́.

Tàbítà kọjú sí omi. "Odò o, orù ẹnìkan wúwo níbí. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni o, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

Fẹ́bè náà kọjú sí omi. "Odò, bá mi sọ fún un pé o ò lọ́wọ́."

Ẹ̀rín fẹ́ gbọn Tàbítà, ó gbé e mì. Ni ààrá bá sán lókè. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Fẹ́bè, jọ̀ọ́, bá mi gbé e rù."

Fẹ́bè gbé e rù ú. Ó wá ku orù tirẹ̀ nílẹ̀. Ó wu Tàbítà kó máa sáré lọ, amọ̀ ṣáà ń dúró dè é. Ṣùgbọ́n kò lè ṣe é. Ó tẹ orúnkún díẹ̀díẹ̀, ó fi omi orí rẹ̀ sílẹ̀ láìdì í mú, ó sì na ọwọ́ méjèèjì sí orù ọ̀rẹ́ rẹ̀. Orù gòkè, ó jókòó sórí Fẹ́bè.

Bí wọ́n ti ń gun òkè bọ̀, Fẹ́bè dédé ní, "Tàbítà, ògiri tèmi náà wọ́. Mo tètè sọ ti tìrẹ kí wọ́n má baà wo tèmi ni."

"Mo ti rí i tipẹ́," ni Tàbítà wí. "Àbí o rò pé mi ò lójú ni?" Ẹ̀rín ni wọ́n rín débi pé díẹ̀ ló kù kí omi dà nù.

Nígbà tí ìjọ rí irú orù bẹ́ẹ̀, ẹnu yà wọ́n. "Tàbítà, ta ló gbé èyí rù ọ́?"

Tàbítà rántí ìbúra rẹ̀. Ó wo Fẹ́bè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí."

Ìjọ hó yèè! Wọ́n parí ògiri, wọ́n fi imọ̀ bò ó. Òjò dé, ó rọ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì kò mì. Baálẹ̀ lọ gbin àgbàdo rẹ̀ síbòmíràn, nígbà tí wọ́n sì ń ṣe ìkórè, apẹ̀rẹ̀ àgbàdo ló gbé wá fún wọn. Ní ti ìbúra, wọn kò gbàgbé: láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe Tàbítà ní Dọ́kà, orúkọ kejì tí Tàbítà inú Bíbélì ń jẹ́, ó sì ń jẹ́ wọn tẹ̀ríntẹ̀rín.

Òkúta ni wọ́n fi tún ṣọ́ọ̀ṣì náà kọ́ nígbà tó yá, ṣùgbọ́n wọ́n fi àjákù ògiri amọ̀ kan sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó wọ́ síbẹ̀ títí dòní. Nítorí náà, bí àwọn àgbà bá rí ẹni tó ń forí ṣe fọrùn ṣe nídìí iṣẹ́ tó ju agbára rẹ̀ lọ, tí ojú sì ń tì í láti bẹ ẹnìkejì, wọn á ní kó má pa ara rẹ̀, kó la ẹnu: ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.