Ọgbà Ẹja Ìyá Orímisan

Olóyè Akínmúléyá ló ni omi Ẹ̀bútẹ́-Ọ̀sà, ó sì ti búra pé òun yóò fa òpó ilé ìwé ọ̀fẹ́ èyíkéyìí tu, nítorí ọmọ tó bá mọ̀wé kò ní bá òun wa ọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́. Ìyá Orímisan, opó tó ń yan ẹja, kò bá a jiyàn. Ẹ̀ka igi ló kó, ó rì wọ́n mọ́ inú omi yíká, bí àwọn apẹja ṣe ń ṣọgbà tí ẹja ń sá sí, ó wá ri òpó ilé ìwé sí àárín wọn. Òfin baba ńlá wọn sì ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fa igi ọgbà ẹja ẹlòmíì tu, títí ẹni tó ni ín yóò fi kó ẹja rẹ̀. Olóyè dé, ó ní kí àwọn ẹmẹ̀wà òun fà á tu. Ìyá Orímisan kúnlẹ̀: “Bàbá, igi ọgbà mi ni gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá fa ẹyọ kan ṣoṣo tu, òfin ti kú nìyẹn. Ta ni yóò bá yín ṣọ́ tiyín?” Olóyè wò yíká. Ọgbà tirẹ̀ ló pọ̀ jù lórí omi náà, àwọn apẹja sì dúró nínú ọkọ̀ wọn, wọ́n ń wò ó. Olóyè bi í pé: “Ìgbà wo lo máa kó ẹja ọ̀hún?” Ìyá Orímisan gbójú sókè sí àwọn ọmọ tó ń ka a, b, d lórí pákó ilé ìwé náà. “Wọ́n ṣì kéré, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dàgbà ná.”