Òkété Lábẹ́ Ibojì Ọba Erin

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi já wàá, ó bọ́ sórí Òkété, ó bọ́ sórí Erin, ọba gbogbo ẹranko.

Nígbà tí Erin wàjà, wọ́n sin ín sí ìdí ìrókò, wọ́n sì sọ ọ́ di òrìṣà. Ẹfọ̀n, tí wọ́n fi ṣe àwòrò ibojì náà, kéde pé, "Ẹni tó bá bá ọba jiyàn láti òní lọ, á fi ìlú sílẹ̀!"

Inú Òkété dùn. Ọ̀lẹ paraku ni. Ó gbẹ́ ihò wàrà wàrà títí dé abẹ́ ibojì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, orin ń ti inú ilẹ̀ bọ̀. Ẹ bá mi gbè é, ẹ̀yin ọmọ:

Ẹ gbé ẹyìn wá, ẹ gbé iṣu wá—
*Erin o, ọba wa!*
Ebi ń pa mí níbi mo wà—
*Erin o, ọba wa!*
Ẹni tí kò wá, mo ti rí i—
*Erin o, ọba wa!*

Gbogbo ẹranko dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n ń gbé oúnjẹ sẹ́nu ihò tí orin ti ń jáde, Òkété ń fà á wọlé, ó ń jẹ ẹ́ wọ̀mùwọ̀mù.

Ní ọjọ́ keje, ìyá arúgbó kan tiro dé. Òkété yọjú wò ó. Ìyá tó bí i lọ́mọ ni! Èbù iṣu kan ṣoṣo tó kù tí ìyá fẹ́ gbìn ló gbé dání.

"Kábíyèsí," ni ìyá wí, "ọdún tí ìyàn mú, tí ọkọ mi kú, ẹ̀yin lẹ fún mi ní irú èbù yìí. Ẹ ní kí n má jẹ ẹ́, kí n gbìn ín. Ọba tí mo mọ̀ kì í gba oúnjẹ lọ́wọ́ opó. Èmi ò gbà pé ẹ̀yin lẹ ń kọrin yìí."

Ẹfọ̀n fò sókè. "Ẹ gbọ́ o! Ó ń bá ọba jiyàn! Ẹ lé e jáde nílùú! Kábíyèsí, ẹ kọrin kó gbọ́!"

*Erin o, ọba wa!*

Àwọn ẹranko gbè é, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dá orin. Ẹyìn kún ẹnu Òkété, kò lè gbé e mì. Wọ́n ti di ìyá lápá mú, wọ́n ń wọ́ ọ lọ sọ́nà igbó. Ìtìjú bo Òkété láti orí dé ìrù. Ó jáde pẹ̀lú ẹrẹ̀ lójú, epo ń ṣàn lágbọ̀n rẹ̀.

"Ẹ fi ìyá mi sílẹ̀. Èmi ni mo ń kọrin."

Ẹfọ̀n tó ti ń pariwo kò lè gbójú sókè mọ́. Kò sí ẹni tó na Òkété. Ìyá sún mọ́ ọn.

"Ọmọ mi, ebi pa ọ́ tó báyìí, o ò wá bá mi nílé?"

Ó dá èbù náà sí méjì, ó na ìdajì sí i. "Gbà. Lọ gbìn ín."

Ì bá tẹ́ Òkété lọ́rùn kí ìyá nà án. Ó gba èbù, ó wọ ihò lọ, láti ọjọ́ náà ni kò ti fẹ́ kí ojú òun àti ojú ọmọ aráyé ṣe mẹ́rin lọ́sàn-án.

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi jókòó sí. Bí mo bá fi irọ́ kún un, ẹ má gbè fún mi mọ́ lọ́la. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má ṣe fi orúkọ olórí tó ti kú bo ìwà wọ̀bìà yín. Oore tó ṣe nígbà ayé rẹ̀ ni kí ẹ máa fi rántí rẹ̀.